Èrò Tí Ọláníyì Kò Bi Níbi Tó Ń Lọ

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà jẹun rí kì í jókòó sáàárín àga alùpùpù. Iwájú pátápátá ló ń sún sí, kí èrò lè ráàyè lẹ́yìn. Ọdún méje ni Ọláníyì fi gun ọ̀kadà ní Ṣakí kó tó bá ìyàwó rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Ọdún kejìlá rẹ̀ nìyí ní Atlanta, síbẹ̀ iwájú náà ló ṣì ń jókòó sí. Alùpùpù dúdú ńlá kan tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Buford ló ń gùn, àga rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀ bíi tìmùtìmù. Bó bá ń lọ lójú títì, ìdajì àga náà a ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, ta ló fi àyè yẹn sílẹ̀ dè? Ọláníyì a rẹ́rìn-ín.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Douglasville ló ti ń ṣiṣẹ́, Stone Mountain ló sì ń gbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ la àárín ìlú kọjá. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ń wa ọkọ̀ tó ní heater. Ọláníyì nìkan ló ń gun alùpùpù lójò lẹ́ẹ̀rùn. Nínú ilé, ọkọ nọ́ọ̀sì ni. Níbi iṣẹ́, nọ́ńbà kan ni, tí wọ́n kọ sí àyà ẹ̀wù. Lórí alùpùpù nìkan ló ti máa ń dà bíi pé òun ni Ọláníyì ọmọ Ṣakí.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, ilé ìwòsàn kan ní Minnesota ní kí Ṣọlápé ìyàwó rẹ̀ wá ṣe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Latifah ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ti ń gbé lọ́hùn-ún, ló bá a wá iṣẹ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ọláníyì bi Latifah lórí fóònù: oṣù mélòó ni yìnyín fi máa ń wà nílẹ̀ níbẹ̀?

Latifah bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá Níyì, oṣù mélòó tí kì í fi í sí nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi mí! Àwọn tó ní alùpùpù níbí, láti October ni wọ́n ti ń faṣọ bò ó, ó di April. Ẹ ó ṣáà máa yọjú sí i nínú gáréèjì, bí ẹni tó lọ wo òkú."

Láti ọjọ́ náà ni Ọláníyì ti ń wá ilé tí yóò rà ní Douglasville. Ó rí kékeré kan, ilé bíríkì, tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi àwòrán rẹ̀ han Ṣọlápé.

"Ó dáa," ni Ṣọlápé wí, kò tilẹ̀ wò ó tán. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó parí oṣù Kìn-ín-ní ni mo gbọ́dọ̀ fèsì fún wọn. Èmi àti Túnmiṣe máa lọ. Bó o bá ń bá wa lọ, wí. Bó bá jẹ́ alùpùpù lo fẹ́ fi ṣaya, wí."

Túnmiṣe ni ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọláníyì ká àwòrán náà sápò. Ó rò pé bí òun bá kọ́kọ́ ra ilé náà ná, wọn yóò bojú wẹ̀yìn, wọn kò sì ní lọ mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù náà, òtútù mú débi pé yìnyín fẹ́lẹ́ bo gíláàsì gbogbo ọkọ̀ tó wà níwájú ilé wọn. Ọláníyì wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra, ó dé akoto, ó gbéra. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ojú ọ̀run rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò eléérú. Ní ibùdókọ̀ kan ní Memorial Drive, ọkùnrin kan dá dúró. Ṣẹ́ẹ̀tì péńpé ló wọ̀, ó wọ sílípáàsì sẹ́sẹ̀. Ó na ọwọ́ kan síwájú níbi ìbàdí, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, ó sì ń mì ín díẹ̀díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń dá alùpùpù dúró bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ọláníyì ti tẹ búréèkì kí orí rẹ̀ tó rò ó. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tún sún síwájú sí i, ẹnu rẹ̀ sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, "Ẹ gùn ún, òtútù pọ̀."

Alùpùpù náà rì wálẹ̀, bó ṣe máa ń rì bí àgbàlagbà bá jókòó. Ọláníyì ṣíná. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó wá sí i lọ́kàn pé òun kì í ṣe ọlọ́kadà mọ́, pé Ṣakí kọ́ nìyí. Ó wo dígí. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ibùdókọ̀ náà sì ti ṣófo.

Nígbà tí iná pupa dá a dúró, ó na ọwọ́ sẹ́yìn kan àga. Òfìfo ni. Síbẹ̀, bó ṣe tún gbéra, alùpùpù náà ń lọ bí èyí tó gbé ènìyàn: ó ń wúwo ní kọ́nà, ó sì ń pẹ́ kó tó dúró. Ọlọ́kadà kì í bojú wẹ̀yìn kó tó mọ irú èrò tó gbé. Ọkùnrin ni, kò sanra, ó sì jókòó bí ẹni tí ibi tó ń lọ jìnnà.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ìtẹ́sẹ̀ èrò méjèèjì ti ṣí sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ra alùpùpù náà, kò ṣí wọn rí, ìpẹtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ó fi ẹsẹ̀ tì wọ́n padà. Nígbà tó jáde ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún ti ṣí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lójoojúmọ́. Ní àárín èjìká rẹ̀ méjèèjì, òtútù kan wà tí jákẹ́ẹ̀tì kò lè dí. Kò tóbi, kò ju ìwọ̀n iwájú orí ènìyàn lọ, bíi pé ẹnì kan gbé orí tì í lẹ́yìn láti sá fún atẹ́gùn. Nínú akoto rẹ̀, ó ń gbóòórùn Àbọ́níkì, èyí tí àwọn àgbà fi ń pa orúnkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọlé bá Ṣọlápé níbi fèrèsé kíṣìnì.

"Ta lo gbé wálé?" ni Ṣọlápé bi í.

"Mo gbé ta?"

"Níyì, ibi mo dúró sí yìí ni mo ti rí yín láti géètì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ò dé akoto."

"Mi ò gbé obìnrin kankan o."

Ṣọlápé yíjú sí i, síbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló dárúkọ obìnrin? Ọkùnrin ni mo rí. Nínú òtútù yìí, ṣẹ́ẹ̀tì péńpé! Mo ní bóyá ẹni tí orí ẹ̀ ò pé bíi tìẹ lo rí ní Douglasville." Ó tún wo ìta. "Ibo ló wá gbà? Mi ò rí i kó bọ́lẹ̀."

Ọláníyì fa àga, ó jókòó. Kò jẹun lálẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ Ògúnsanwó. Ògúnsanwó kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, ọmọ bíbí Georgia ni, ọjọ́ tó gba Ògún ló gba orúkọ náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, inú gáréèjì ilé rẹ̀ ló ti ń tún alùpùpù ṣe. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ Yorùbá, ohùn rẹ̀ a sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú títì, ṣùgbọ́n kì í fi ìkíni ṣeré. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ kí Ọláníyì máa lọ síbẹ̀. Ọláníyì a ní ẹ́ńjìnnì lòun gbé lọ fún un, òun kò gbé ẹ̀mí òun lọ.

"Ẹ kú òtútù, àbúrò," ni Ògúnsanwó kí i. Ó kúnlẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn, ó tẹ ibẹ̀ wò. "Ta lẹ máa ń gbé?"

"Mi ò gbé ẹnì kankan, Bàbá."

"Sípíríǹgì kì í purọ́. Mo wò ó ní September, ó dúró dáadáa. Ó ti rì báyìí. Èyí ti ń gbé ènìyàn, lọ bọ̀, lọ bọ̀."

Ọláníyì bá sọ ohun gbogbo fún un. Ògúnsanwó gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà.

"Ọdún méje lẹ fi ṣiṣẹ́ yìí. Bí ènìyàn bá dá yín dúró, kí lẹ kọ́kọ́ máa bi í?"

Ọláníyì yíjú sí àga ẹ̀yìn. "Ibi tó ń lọ."

"Ẹ bi í?"

"Mi ò bi í. Òtútù ló ń pa á, àánú ẹ̀ ṣe mí."

"Hẹ̀n." Ògúnsanwó mú irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. "Báwo ló ṣe máa wá bọ́lẹ̀? Ó lè máa rò pé ẹ ti mọ ibẹ̀. Màá fún sípíríǹgì yìí le, ìyẹn ni mo mọ̀. Ìyókù, iṣẹ́ yín ni."

Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ Ọláníyì níṣẹ́ máa ń sọ ọ́ ní gáréèjì wọn ní Ṣakí: èrò tí o kò bi níbi tó ń lọ, ìwọ lo di èrò rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Ṣọlápé dá. Ní agogo mẹ́sàn-án ni Ọláníyì àti Eunice, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń ṣe alágbàtà ilé, fẹ́ pàdé ní Douglasville. Ṣọlápé sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Agogo méjìlá ọ̀sán ni màá fèsì," ló wí. "Tó o bá fẹ́ràn ilé yẹn, má wulẹ̀ pè mí. Màá ti mọ̀."

Ọláníyì gun alùpùpù. Sípíríǹgì tí Ògúnsanwó fún le náà dún, ó rì.

Nígbà tó ti kọjá àárín ìlú, tí títì já gaara níwájú rẹ̀, ó gbé ohùn sókè nínú akoto. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mi ò bi yín lọ́jọ́ yẹn. Ibo lẹ ń lọ?"

Kò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n òtútù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ń tòògbé bá gbé orí sókè láti wo ibi tí wọ́n dé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lójú títì ńlá, ó yà sí àdúgbò náà. Ilé dákẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ó ń wá nọ́ńbà ilé ni ẹnì kan bá kàn án léjìká òsì lẹ́ẹ̀mejì, pẹ́, pẹ́, bí èrò ṣe ń kan ọlọ́kadà: ó tó, ibí ni.

Ọláníyì tẹ búréèkì. Alùpùpù náà gbéra sókè nídìí, ó fúyẹ́. Ó wo iwájú rẹ̀, ó rí ilé bíríkì tí òun fẹ́ rà. Oòrùn kò tíì dé iwájú ilé náà, yìnyín ṣì funfun lórí koríko rẹ̀. Ipa sílípáàsì wà lórí yìnyín náà, láti ẹ̀gbẹ́ alùpùpù rẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó padà. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì.

Ibẹ̀ ló ṣì dúró sí nígbà tí Eunice gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé.

"Uncle Níyì, ẹ mà yára o! Ẹ ti wọlé ni?"

"Mi ò tíì wọlé."

"Ta ló wá tan heater? Ẹ wo èéfín lórí òrùlé. Láti November ni onílé ti pa gbogbo ẹ̀." Ó ṣílẹ̀kùn, ó yọ orí sínú ilé, ó fa imú. "Kí ló ń rùn báyìí? Ó dà bí Àbọ́níkì. Ẹ máa bọ̀, Uncle! Inú ilé ti móoru dè yín."

Ọláníyì wo inú ilé náà láti ọ̀ọ́kán. Ó rí bí yóò ṣe rí fún òun níbẹ̀ nígbà tí Ṣọlápé àti Túnmiṣe bá ti lọ. Òun yóò ti ibi iṣẹ́ dé, òun yóò ṣílẹ̀kùn, ilé yóò ti gbóná. Àga méjì yóò wà nídìí tábìlì. Òun kò ní dá nìkan wà rárá, títí ayé.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó yọ fóònù.

"Ṣọlápé, fèsì fún wọn. Ní kí wọ́n máa retí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ṣọlápé bèèrè pé, "Alùpùpù ẹ ńkọ́?"

"Ó máa sùn láti October. Tó bá di April, ó máa jí."

"Níyì, kí ló ṣe ilé yẹn?"

"Ó ti ní ẹni tó ń gbé e."

Eunice ń pè é lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó wá wo bí kíṣìnì ṣe dára tó. Ọláníyì juwọ́ sí i. Ó gun alùpùpù, ó jókòó síwájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò tún sí ẹni tí òun ń fàyè sílẹ̀ fún. Ó rọra sún sẹ́yìn, sí àárín àga tí kò jókòó sí rí láti ọjọ́ tó ti rà á.

Òtútù ti gba gbogbo ara alùpùpù náà, tánkì rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tutù. Ṣùgbọ́n ibi tó sún sí náà gbóná, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.