Ogún Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Olùkọ́ Vlasta

Ìtàn mi wọ ilé ìwé abúlé Lhotka nílẹ̀ Czech lọ, ó bá Vlasta Koubková níwájú pátákó. Èmi ni mo ń dáná fáwọn ọmọ níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, ohun tójú mi rí ni mo ń sọ.

Èdè Rọ́ṣíà ni Vlasta ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Á pe ọmọ kan síwájú pátákó, á bi í ní ogún ọ̀rọ̀, á sì ka máàkì rẹ̀ sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Ọ̀kan ni máàkì tó dára jù, márùn-ún ni ti olódo.

Lọ́jọ́ kan, ó pe Zdena, ọmọ obìnrin tó ń fún wàrà màlúù ní oko àjọṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, á sì ti bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé màlúù kó tó wá síléèwé. Ogún ọ̀rọ̀ ni Vlasta bi í, ogún náà ló mọ̀. Vlasta mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e símú.

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ ń rùn. Márùn-ún."

Ọmọ náà ní, "Kọ́mírédì Olùkọ́, mo mọ gbogbo ẹ̀."

"Mo gbọ́. Lọ jókòó, Ìgbẹ́ Màlúù."

Ìgbẹ́ Màlúù ni wọ́n sì ń pe Zdena títí ó fi kúrò lábúlé. Ọmọ tèmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. N kò bá a wí.

Ọdún ń gorí ọdún, ìjọba Kọ́múníìsì wó, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ Rọ́ṣíà mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Wọ́n ní káwọn olùkọ́ Rọ́ṣíà yáa lọ kọ́ ọ, kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. Ohun tí Vlasta bá há sórí lọ́jọ́ Ajé ló ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá. Ta ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀? Zdena ni, ó ti di ìyáàfin.

Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀wọ̀ bá Vlasta sọ̀rọ̀, ó ní kí ìyá náà jọ̀wọ́ wá dáhùn ogún ọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, bí a ti ń ṣe é níbí. Bó bá yege, á máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á sì kó kúrò nínú yàrá méjì tó ń gbé lókè ilé ìwé. Ọdún méjì péré ló kù fún un láti fẹ̀yìn tì.

Àárọ̀ àárọ̀ ló ń wá bá mi ní kíṣìnnì. Mo ń bó ànàmọ́, mo ń fi ṣíbí ńlá bo apá kan ìwé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ti fún ọmọ tèmi náà ní márùn-ún rí, kò sì tíì kúrò nínú mi. Ìgbà míì tó bá gbà á, mo máa ń ní kò gbà á, kí n lè wo ojú rẹ̀. Á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó wá fọ ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi mi. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò bi í léèrè ìdí.

Mo gbé tíì àwọn ọmọ wọ kíláàsì, n kò sì jáde mọ́. Zdena jókòó sórí àga olùkọ́.

Ó ní, "Vlasta Koubková, wá síwájú."

Kò sí ẹ, kò sí mà. Àwọn ọmọ wo ara wọn lójú. Ìyá tó lè bí i lọ́mọ bọ́ síwájú pátákó nínú sálúbàtà ilé ìwé. Zdena á sọ ọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Vlasta á dá a padà sí Czech: fèrèsé, àná, mo ń kánjú, ẹ kú oúnjẹ. Ó ń gbà á lọ.

Ó ku ọ̀kan. Zdena ní, "Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, á ní èdè Gíríìkì ni lójú òun. Báwo làwa ṣe ń wí i ní Czech?"

Àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ eyín, wọ́n rò pé á kó sí pàkúté, á pe Gíríìkì.

Vlasta ní, "Abúlé Sípéènì ni lójú mi."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ń wí i. Ogún pé.

Zdena dìde. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e símú, kò kánjú.

"Ọwọ́ ẹ ń rùn. Márùn-ún."

Vlasta ní, "Mo mọ gbogbo ẹ̀, mà."

"Mo gbọ́. Lọ jókòó."

Kò sí àga míì àfi tábìlì ọmọdé kan tó ṣófo lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló lọ jókòó, orúnkún rẹ̀ kò wọ abẹ́ ẹ̀. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá a rín in. Èmi nìkan nínú yàrá náà ló lè sọ pé ọṣẹ lọwọ́ yẹn ń rùn. Mo kó àwọn ife jọ, mo jáde.

Ní oṣù kẹjọ, ó kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé àbúrò rẹ̀. Zdena fúnra rẹ̀ ló di ilẹ̀kùn mú fáwọn tó ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹ rọra o, mà." Ẹ ti padà sẹ́nu ẹ̀.

Vlasta gbàgbé ìwé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sí kíṣìnnì mi. Mo gbé e lọ sílé, mo ń ya á fi dá iná. Ó tó mi dé Kérésìmesì.