Òòfà tí mo gbàgbé sínú bàálù

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ ní Albarika, àdúgbò kan nílùú wa, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí mò ń pè ní Màmá. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú ẹni tí mi ò mọ̀. Tí oníbàárà bá wọlé, orí mi á wà nínú aṣọ títí yóò fi jáde.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n pe Màmá sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kí ó wá rán aṣọ àga bàálù kékeré kan. Àga mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wà á jẹ́ àgbàlagbà ọmọ Ṣábẹ̀, ó máa ń gbé àwọn tó ń ṣọ́ ẹran igbó lọ sí apá àríwá. A wọn àga náà lọ́jọ́ Ajé. Ní Ọjọ́bọ̀, a kó aṣọ náà lọ láti wọ̀ ọ́ fún àga, ká lè mọ ibi tó yẹ ká gán.

Wọ́n ní kí n jókòó síwájú nítorí pé ara mi kéré. Abẹ́rẹ́ pínnì wà lẹ́nu mi, òòfà wa wà lọ́wọ́ mi. Inú gbohùngbohùn rédíò tó bàjẹ́ la ti yọ òòfà yìí. Ó dúdú, ó rí róbótó, ó sì wúwo. Gbogbo aránṣọ àdúgbò wa ló ní irú rẹ̀, òun la fi ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ara ẹ̀rọ ìránṣọ la máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bàálù bẹ́ẹ̀, ó já bọ́. Mo tún gbìyànjú, ó tún já bọ́. Irin tí wọ́n fi ṣe bàálù kì í ṣe èyí tí òòfà ń mú. Mo bá gbé e sórí pátákó dúdú tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ráyè.

Bàbá náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bí a ti ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàlàyé àwọn nǹkan bí aago tó wà lára pátákó náà fún Màmá. Mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ọ̀kan ń sọ bó ṣe ń sáré tó, ọ̀kan ń sọ bó ṣe ga tó. Èyí tó wà láàárín lókè ní àwọ̀ méjì: sánmà lókè, ilẹ̀ nísàlẹ̀.

"Tí ọyẹ́ bá bo ojú báyìí," ó ní, "ara mi lè sọ fún mi pé mo dúró ṣánṣán, kó sì jẹ́ pé mo ti tẹ̀ sápá kan. Èyí ni mo máa gbà gbọ́. Màá wò ó, màá wo òmíràn, màá tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú ò gbọdọ̀ dúró sójú kan."

Ó nàka sí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Èyí ń sọ ibi tí mo dojú kọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yà kúrò. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá wo busọ́ọ̀lù òkè yìí, kọ́ńpáàsì tó mọ àríwá, màá sì fi tún un tò."

"Bí ọmọṣẹ́ mi yìí ló ṣe ń ṣe," Màmá ní. "Tí mi ò bá wo ọwọ́ ẹ̀, ó ti gé aṣọ lọ sí Malanville lẹ́nu ààlà."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń wo ọwọ́ tiyín?"

"Àwọn oníbàárà. Ojú wọn le ju busọ́ọ̀lù yín lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín nítorí abẹ́rẹ́. Bàbá ní lẹ́yìn ìrun Alásàrí lòun máa gbéra.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá lọ ra òwú lọ́jà. Abẹ́rẹ́ kan bọ́ lọ́wọ́ mi, mo na ọwọ́ sí ara ẹ̀rọ, ọwọ́ mi kan irin lásán. Mo tú àpò wa. Mo tún un tú. Ìgbà yẹn ni mo rántí ibi tí mo gbé e sí, mo sì rántí olùkọ́ wa kan nílé ìwé tó fi òòfà fa ọwọ́ busọ́ọ̀lù kiri níwájú wa.

Mo jókòó, mo dìde. Mo pe Màmá, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo tún jókòó. Kí ni màá sọ fún àwọn tó wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú? Bóyá wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá wọn ò ní gbé iṣẹ́ fún Màmá mọ́. Mo wo òde: ọyẹ́ náà ki débi pé mi ò rí òpin òpópónà wa. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gun zém, ọ̀kadà akérò, lọ sí pápá náà. Bí a ti dé Ladjifarani lójú ọ̀nà, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun Alásàrí.

"Aṣọ yín ti tán, kí lo tún wá ṣe?" aṣọ́nà béèrè lẹ́nu géètì.

"Mo fẹ́ rí Bàbá."

"Bàbá wo? Èmi náà, bàbá ni mí."

"Mo gbàgbé òòfà sínú bàálù."

"Ó ti tan ẹ̀rọ. Wá mú un lọ́la, aláṣọ."

Lóòótọ́ ni, mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yí padà. Ẹnu mi ló ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ. Òòfà ń mú busọ́ọ̀lù ṣìnà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Tó bá lọ báyìí nínú ọyẹ́, kò ní mọ ibi tó ń lọ."

Ó gbé tọ́kì-wọ́kì rẹ̀ sẹ́nu, ó pe Bàbá.

Ẹ̀rọ náà kú. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Òòfà ti yọ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ ibi tí gíláàsì ti pàdé pátákó, dúdú nínú dúdú. Bàbá mú un, ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà bàálù kí òòfà lè jìnnà. Nọ́ńbà inú busọ́ọ̀lù yí lọ, ó yí bọ̀, ó wá dúró síbòmíràn. Kò sún mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ rárá.

"Mo ti fi busọ́ọ̀lù yìí to èyí tó wà nísàlẹ̀ kó o tó dé," Bàbá ní.

"Ṣé ẹ̀ bá ti mọ̀ pé ó ṣìnà?" mo béèrè.

"Ó yẹ kí n mọ̀ tí mo bá dé orí ọ̀nà tí bàálù ti ń sáré, torí mo mọ ibi tí ọ̀nà náà dojú kọ. Mo sì ní ẹ̀rọ máàpù." Ó kó òòfà náà lé mi lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n mò ń kánjú. Èmi ló yẹ kí n yẹ orí ibẹ̀ wò kí n tó tan ẹ̀rọ."

Mo ń retí kó bú mi, kò bú mi. Ó ní òun máa pe Màmá tóun bá dé. Ó wa bàálù dé orí ọ̀nà náà, ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń yẹ nǹkan wò, ó wá gbéra. Ọyẹ́ gbé e mì lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù tí mo sọ fún Màmá, kò bínú. "Ìwọ lo sọ gbogbo ìyẹn fún aṣọ́nà? Pẹ̀lú ẹnu rẹ?"

"Èmi ni, Màmá."

Ó ki fóònù rẹ̀ bọ iná, ó gbé e sí àárín tábìlì. Mo rán etí aṣọ kan, mo tú u, mo tún un rán. Gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá ló ń mú mi gbé orí sókè. Kí ìrun Màgàríbì tó yá, fóònù dún. Màmá gbé e, ó sì nà án sí mi.

"Mo ti dé," Bàbá ní. "Ibi tí mò ń lọ gan-an ni mo bọ́ sí."

Mo fẹ́ sọ pé kó má bínú. "Ẹ kú ewu, Bàbá" nìkan ló jáde. Mo dá fóònù padà fún Màmá, mo sì rántí pé mi ò tíì jẹun láti àárọ̀.