Apá Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi

Kò sí ìgò tí Siebren, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kò lè ṣí nílùú wa, Sneek. "Ẹ gbé e wá!" ni á ké, á ká apá ẹ̀wù sókè, á yí ìdérí rẹ̀, á wá máa wò wá bí ẹni tó ṣẹ́gun ogun. Ẹ gbà mí o, ìgò kùkúńbà ló ṣí!

Ọ̀rọ̀ apá ò sì tán lẹ́nu rẹ̀. "Egungun méjì ló wà níbí," á ní, á na ọwọ́. "Ọ̀kan dúró gbagidi. Èkejì ń yí nínú òrùka iṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá. Òun ni àtẹ́lẹwọ́ fi ń wòkè, tó fi ń wolẹ̀." Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló ti kà á, nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwa méjèèjì mú Jikke, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, rìn létí omi. A dì í lọ́wọ́ mú, èmi lósì, Siebren lọ́tùn-ún, ká lè fì í sókè. "Ení, èjì, hóóplà!" Èmi rọra gbé tèmi. Siebren fa tirẹ̀ bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Ọmọ figbe ta. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọrọ, kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án.

Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, akọni wa ní, "Ó ṣubú ni."

"Ó ṣubú? Á jẹ́ pé ká kọ́kọ́ ya fọ́tò egungun. Ẹ jókòó, ó máa pẹ́."

Jikke ń sunkún. Mo tẹ Siebren lẹ́sẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ egungun méjì, ẹ sọ̀rọ̀!"

Ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì. "Mo... mo fà á díẹ̀. Hóóplà."

Dókítà náà bú sẹ́rìn-ín. "Apá ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi! Bẹ́ẹ̀ la ń pè é, torí ọ̀sán ọjọ́ náà làwọn ẹbí máa ń fa ọmọ lọ́wọ́ báyìí. Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀." Ó di ìgúnpá ọmọ mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ká apá náà. Ó dún kọ́! "Orí egungun tó ń yí ló yọ díẹ̀ lábẹ́ òrùka iṣan. Tàwọn ọmọdé ò tíì le."

Kò pẹ́ tí Jikke fi na ọwọ́ ọ̀tún gba bisikíìtì.

"Mo kúkú mọ̀," Siebren kùn.

"Ẹ mọ̀, lẹ fi ní ó ṣubú?" ni mo bi í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Jikke na ọwọ́ méjèèjì sí i: "Hóóplà!" Olùṣígò wa ki ọwọ́ bọ àpò kíá. Ọmọ ò gbà. Ni Siebren bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e lábẹ́ abíyá, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.