Wọ́n Ní Faransé Ni Iná Bùkúnọlá Ti Wá

Ní Ouagadougou, ohun àlòkù tó bá ti Yúróòpù dé, "au revoir France" là ń pè é, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Fíríìjì au revoir tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò padé mọ́ níyì ju tuntun inú páálí lọ. Ṣé òyìnbó á lo ohun tí kò dáa ni?

Bùkúnọlá, ọmọbìnrin Morákinyọ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní ọjà Rood Woko, gboyè ẹnjiníà, ó sì ríṣẹ́ lọ́dọ̀ Nasirou ní àdúgbò Patte d'Oie. Nasirou ń kó àlòkù ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wọlé; Bùkúnọlá ló ń jí àwọn tó bá kú sójú ọ̀nà dìde. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe iṣẹ́ ìyanu yìí, kò sì sẹ́ni tó dá ìjọ sílẹ̀ fún un.

Ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú bá mú, abẹ́ iná búlúù ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Iná òkè òkun kì í fara da eruku wa. Bùkúnọlá bá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ṣe èyí tí eruku kò lè wọ̀. Nasirou yẹ̀ ẹ́ wò, ó yìn ín, ó mú sánpépà, ó ń ha á.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Mò ń sọ ọ́ di au revoir. Ta ló máa ra èyí tó ń dán? Wọ́n á ní Ouaga la ti ṣe é."

"Ouaga náà la ti ṣe é!"

"Ṣé o wá rí i?"

Ó kọ Lyon, orúkọ ìlú kan ní Faransé, sí i lára. Ilé ìgbẹ̀bí kan rà á. Inú Rahinatou, olórí àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀, dùn débi pé ó ní kí Nasirou bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Lyon. Nasirou ní òun á jíṣẹ́.

Ọjọ́ náà ni Bùkúnọlá fiṣẹ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. Òun àti Fáìzàh ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá start-up, iléeṣẹ́ kékeré tiwọn, sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ra iná wọn. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń bi wọ́n pé: "Níbo ló ti ṣiṣẹ́ rí?" Ibi kan ṣoṣo tó ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ò mọ̀ wọ́n. Bùkúnọlá gba ọ̀dọ̀ Rahinatou lọ.

"Tantie, èmi ni mo ṣe iná yẹn."

"Ìwọ yìí? Wọ́n mà tàn mí o! Gbé e kúrò kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ta ló ti pa?"

"Kò tíì pa ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ìwọ lo ṣe é."

Ojú Bùkúnọlá pọ́n. "D'accord, ó dáa. Ẹ gbé ọmọ abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí n máa gbé ẹ̀rọ mi lọ."

Rahinatou wo ọmọ náà. Ó wo ojúlówó iná òyìnbó tó ti dákú sí kọ̀rọ̀. Ó gbé ohùn wálẹ̀.

"Dúró ná, ọmọ mi. Kí lo fẹ́?"

"Òótọ́." Bùkúnọlá ti ń pe ilé ìwòsàn tó lé wọn lánàá. Ó na fóònù sí i.

"Allô? Iná ọ̀dọ̀ mi yìí, ará Ouaga ló ṣe é… Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń tàn… Obìnrin ni… Rárá o, orí mi pé, ara mi dá. Kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè?"