Bàbá Aago àti Àwọn Darandaran Orí Òkè

Ní ọjọ́ tí dókítà ojú sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún Bàbá Aago, ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ délé, nítorí ó ti ń forí sọ àwọn ènìyàn lójú títì láìmọ̀. Dókítà náà kò fepo bọyọ̀. Ó ní ojú náà ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, ó dà bí ẹni tó ń wo ìta láti inú páìpù, páìpù ọ̀hún yóò sì máa tín-ín-rín sí i ni. Ó fún wọn ní oògùn tí wọn yóò máa kán sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyàwó béèrè bóyá oògùn náà yóò wò ó sàn. Dókítà ní rárá, yóò kàn máa bá wọn bẹ àìsàn náà kó má sáré jù ni. Ọdún kan. Bó bá pẹ́ tán, ọdún kan àtààbọ̀.

Obìnrin náà rò pé ọkọ òun yóò sunkún, ó ti mú áńkáṣíìfù sọ́wọ́ pàápàá. Bàbá Aago kò sunkún. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní, "Ìyá wọn, tó bá jẹ́ ọdún kan ló kù, á jẹ́ pé ọdún yìí náà ni mo gbọ́dọ̀ lọ."

Ìyàwó rẹ̀ kò bi í pé níbo. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra ló ti ń gbọ́ nípa àwọn darandaran orí òkè, àwọn tó ń gbé inú àgọ́, tí wọ́n ń tẹ̀lé àgùntàn àti ẹṣin wọn gòkè nígbà tí yìnyín bá yọ́, tí wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ bí òtútù bá tún dé. Ọkọ rẹ̀ ti rí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀wọ́ ẹran lọ súà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, obìnrin kan sì wà lórí ẹṣin, ó gbé ọmọ àgùntàn síwájú ara rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè, nígbà tí yóò fi jáde, wọn ò sí mọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ọkùnrin náà fi ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan yẹn bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bàbá Aago. Òun ló ń ṣètò ìwé àkókò àwọn ọkọ̀ ojú irin: èwo ni yóò ṣí ní aago mélòó, èwo ni yóò dúró de èkejì ní ìkóríta. Yàrá rẹ̀ ní ọ́fíìsì kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Tábìlì gígùn kan ló gbà á tán, bébà fífẹ̀ onílà wà lórí rẹ̀, rúlà méjì, pẹ́ńsù búlúù àti pẹ́ńsù pupa. Búlúù ni wọ́n fi ń kọ ohun tó ṣì lè yẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí i, wọn á fi pupa kọ ọ́, ohun tí wọ́n bá sì ti fi pupa kọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi tẹ ìwé tuntun. Gbogbo ìlú ló ń fi ìwé rẹ̀ rìnrìn àjò. Òun fúnra rẹ̀ kì í lọ ibì kankan.

Ilé pẹ̀lú ń rìn bí ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ìyàwó ń rọbí àkọ́bí wọn, baálé jókòó síta pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí agbẹ̀bí ṣe gbé ọmọ jáde báyìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọ náà ti fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Ìyàwó jẹ́ aránṣọ, ó mọ Ọlọ́run rẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ ṣílẹ̀kùn ọ̀run, ọkọ òun á kọ ìwé ẹ̀hónú kó tó wọlé.

Ẹni tó mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn darandaran ni dókítà ẹran kan, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí oòrùn ti bó imú rẹ̀. Ọdọọdún ló ń gba ibùdókọ̀ kọjá pẹ̀lú àpótí oògùn, yóò lọ gún ẹran wọn lábẹ́rẹ́, yóò tún gba ibẹ̀ padà. Nígbà tó ń padà bọ̀ lọ́dún yẹn, Bàbá Aago mú un jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó jókòó tì wọ́n.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le, Bàbá," dókítà ẹran ní. "Ẹ wá sí ìlú tí títì parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé nígbà òtútù. Ẹ gba yàrá, kẹ́ ẹ máa retí. Bí koríko bá ti bo pátákò ẹṣin báyìí, wọ́n á tú àgọ́, a jọ máa tẹ̀lé wọn lọ."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ìgbà tí koríko bá bo pátákò ẹṣin ni."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Ọjọ́ wo?"

"Ẹ lè dúró ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ lè dúró oṣù kan. Àwọn àgùntàn ló mọ̀."

Bàbá Aago wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé tó ń gbé kò ní ìpìlẹ̀. "Dókítà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìsinmi mi. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìsinmi pé àgùntàn ló mọ̀? Ẹ fún mi ní ọjọ́ kan péré."

Ìyàwó la ẹnu láti sọ pé ojú ọkọ òun ń lọ, kí ọkùnrin náà lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bàbá Aago fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò fẹ́ kí wọ́n máa mú òun lọ bí aláìsàn. Ìyàwó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọkọ̀ ti fọn fèrè. Dókítà ẹran ń wo àpótí rẹ̀ tí wọ́n ń jù sókè. "Ó dáa, Bàbá. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣí. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ibẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá Aago tẹ́ bébà fífẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi pẹ́ńsù pupa kọ ọjọ́ kejìlá.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, ilé wọn di ọ́fíìsì ìrìn àjò. Ọjọ́ kẹrin ìrìn àjò: orí ẹṣin, aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ọjọ́ kẹfà: ibi tí ọ̀nà ti la àárín òkè méjì kọjá, aago méjì ọ̀sán, ìdajì wákàtí láti fi wo yìnyín. Ọjọ́ kẹsàn-án: adágún. Ìyàwó ran kóòtù olówùú fún un, ó ran ṣòkòtò tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì nítorí gàárì. Baálé ká mátírẹ́ẹ̀sì sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gùn ún ní ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ kí itan rẹ̀ lè le. Ọmọbìnrin wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, wá kí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, ó bá bàbá rẹ̀ lórí mátírẹ́ẹ̀sì.

"Màmá, kí ni Dádì ń ṣe?"

"Ó ń gun ẹṣin."

"Ẹ sì ń wò wọ́n báyìí?"

"Kí n fún un ní koríko ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá wọ inú yàrá lọ fọ ojú. Nígbà tó jáde, ó bá wọn fi ìka tọ ojú ọ̀nà lórí bébà.

Ìyàwó rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ó rí i tí ọkọ rẹ̀ ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Ó mọ̀ pé ní ọ́fíìsì, wọ́n ti fi ẹnì kan tì í tó ń tún nọ́ńbà yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń kó àwọn àga kúrò lọ́nà fún un. Nígbà tó yá, ó fi gbogbo wọn sí ojú kan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún wọn mọ́, nítorí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti ń há ilé sórí. Àdúrà rẹ̀ kúrú sí i. "Ọlọ́run, mo ti bẹ̀ Yín pé kẹ́ ẹ wò ó sàn, mo sì ti gbọ́ èsì Yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kó rí òkè yìí. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú dá a."

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin, dókítà ẹran pè láti ìlú tí títì parí sí.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀ lọ́la. Òtútù ọdún yìí ò le, yìnyín ti yọ́, koríko ti ń yọ."

"A ti fi í sí ọjọ́ kejìlá, Dókítà."

"Mo mọ̀. Ó ti ń dà bíi pé wọn ò ní dé ọjọ́ kejìlá."

"Ìsinmi mi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìlá."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ìyàwó ti ń kó kóòtù sínú àpò. "Bàbá wọn, ẹ dìde. Màá lọ bá ọ̀gá yín fúnra mi. Bí mo bá sọ ohun tó ń ṣe yín fún un, á jẹ́ kẹ́ ẹ lọ."

"O ò ní sọ nǹkan kan fún un."

"Wọ́n ní koríko ti ń yọ."

"Fara balẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti rí ọkọ̀ tó pẹ́. Mo ti rí èyí tó fi ọjọ́ méjì pẹ́, tí àwọn èrò sùn sórí ẹrù wọn. Mi ò rí ọkọ̀ tó ṣí ṣáájú àkókò rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti dá ọjọ́ fún èèyàn lè pẹ́. Kò jẹ́ lọ láìdúró."

"Ṣé ọkọ̀ ni àgùntàn ni?"

Ó fi àáké kọ́rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni obìnrin náà fi bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ nídìí oúnjẹ, ó bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń kán oògùn sí i lójú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ bàtà láti lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó rí ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà tẹ̀ ba bébà, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà, ó ń fi rúlà wá nọ́ńbà kan tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ẹni tí wọ́n fi tì í ń ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Obìnrin náà rò ó pé bí òun bá wọlé sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, òun ti gba ohun ìkẹyìn tó kù lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ó yí padà sílé. Lẹ́yìn náà, ó bi ara rẹ̀ léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá ọ̀wọ̀ ló mú òun padà tàbí ojo.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, fóònù tún dún láàárọ̀. Ariwo omi kún inú rẹ̀.

"Wọ́n ti lọ, Bàbá. Ó di ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n dúró, wọ́n ní ṣé àwọn lè di ẹran lẹ́nu ni. Èmi náà ti ń sọdá odò báyìí. Omi ti ń kún. Tó bá di ọ̀la, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọdá fún ọ̀sẹ̀ kan; nígbà tí omi bá fi fà, wọ́n á ti jìnnà débi tí ẹ ò ní lè bá wọn mọ́ títí wọn yóò fi sọ̀kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá."

Bàbá Aago fi ìka ka ọ̀nà náà. Ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ ojú irin, ọjọ́ kan nínú mọ́tò: kò nílò bébà láti ṣe ìṣirò yẹn. "Wọ́n lọ ṣáájú àkókò," ó ní.

"Àkókò wọn tó ni, Bàbá."

Ó gba ìsinmi rẹ̀ náà, nítorí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi jókòó sílé. Ìyàwó ní kí wọ́n tiẹ̀ lọ sí ìlú náà, kó rí òkè láti ìsàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kí lòun fẹ́ lọ wò níbi tí wọn kò sí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò kọ oúnjẹ. Ó kàn dẹ́kun bíbéèrè aago, èyí sì dẹ́rù ba obìnrin náà ju ẹkún lọ. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti gbé tábìlì rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fi tì í. Wọ́n ní kó jókòó síbi ìbéèrè, kó máa dá àwọn èrò lóhùn, nítorí ó ti há gbogbo ìwé àkókò sórí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé tuntun, kò lè kà á.

Páìpù náà kò dúró pé ọdún kan, ó dí pátápátá. Ìyàwó lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà ojú pé kí ló dé. Dókítà ní òun kò sọ pé ó dájú, àsọtẹ́lẹ̀ lásán ni. Obìnrin náà wò ó, ó rò pé ẹlòmíràn tún rèé tó ń dá ọjọ́ fún èèyàn. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ nìkan, torí kò mọ ohun tó tún kù láti béèrè.

Ní oṣù kẹwàá, dókítà ẹran sọ̀kalẹ̀, ó sì pè. Ohùn rẹ̀ ń jáde gbangba nínú fóònù, ìyàwó ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú."

"Wọ́n ń béèrè yín o. Ìyá àgbà kan ti di gàárì sórí ẹṣin kan fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Ó ní kí wọ́n fà á lọ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹ máa bá wọn lójú ọ̀nà."

"Ẹ bá mi kí wọn."

"Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màá tètè wá. Màá gba yàrá, màá jókòó dè wọ́n."

Dókítà ẹran rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ẹ ò béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí."

"Rárá," Bàbá Aago ní. "Ó dàárọ̀, Dókítà."

Ọ̀sán gangan ni. Ó mú fóònù kúrò létí, ó sì nà án sí ibi tó rò pé ìyàwó òun wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Obìnrin náà kò sí níbẹ̀, apá kejì yàrá ló wà. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kó má baà dún, ó rọra rìn yí tábìlì ká, ó lọ dúró síbi tí ọwọ́ náà nà sí, ó sì gba fóònù.