Ológbò Tí N Kò Pè

Ológbò kan sín lábẹ́ àga mi lánàá, oúnjẹ sì sú mi lẹ́nu.

Ó rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú wa, Efire, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi lọ yan ẹja létí ọ̀sà, ó ku èmi, ìyá àgbà, àti ológbò mi kékeré. Ó ti ń sín fún ọjọ́ mẹ́ta, ipin sì ti lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pa.

Ìyá àgbà ké láti inú yàrá: "Má wojú ẹ̀ o! Ẹni bá wo ojú tó ń ṣepin, tiẹ̀ náà á lẹ̀ pa. Àbí o fẹ́ kí n máa fà ẹ́ lọ́wọ́ kiri ni?"

"Rárá o, Yèyé."

Mo kọjú sí ògiri, mo sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ń gbọ́ bí ológbò náà ṣe ń ké, tó ń forí gbá ìkòkò. Ó gbóòórùn ẹní tí àwa méjèèjì jọ máa ń sùn lé, ó tún ké. Nígbà tó yá, ó táràrà jáde sínú oòrùn, n kò sì rí i mọ́.

Mo ti dàgbà kí n tó rò ó pé wíwò nìkan ni wọ́n kọ̀ fún mi, wọn ò ní kí n má pè é.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi dé, wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n sì yìn mí pé mo gbọ́ràn.