Awò Ìbọn Tó Rí Ọ̀nà Jíjìn, Tí Kò Rí Agolo

Orí fóònù oníbàárà mi kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé olè ni mí. Ọkùnrin náà gbé ìbọn rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹgbẹ́dá kí n bá a fún ìdè rẹ̀ le, ṣùgbọ́n nígbà tí mo nawọ́ sí i, kò gbé e fún mi. Ó gbé e lé itan, ó dì í mú bí àlejò ṣe ń di báàgì rẹ̀ mú nínú bọ́ọ̀sì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn Bàbá Tíṣà sì jáde, ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì: "Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o. Ọkùnrin tó ń tún awò ṣe ní Ẹgbẹ́dá yẹn ti yọ ojúlówó awò inú sikópù ìbọn mi. Gíláàsì fèrèsé ló fi dí ojú ẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n tún un gbọ́. Ó jẹ́ kí n tún un gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò jẹ́ kí ọwọ́ mi kan fóònù ọ̀hún. Ó wá rọra gbé ìbọn rẹ̀, ó ní òun á padà wá. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, n kò tíì rí i.

Kí ẹ̀yin náà tó máa wò mí bákan, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni mò ń tún ṣe, kì í ṣe ti ológun. Kò ní ẹ̀tù nínú. Sípíríìnì ńlá kan ló wà níkùn rẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń ti ọta kékeré jáde. N kì í fọwọ́ kan èyí tí olówó rẹ̀ kò bá fi ìwé àṣẹ hàn mí. Àna mi pàápàá, ìwé ló kọ́kọ́ yọ kó tó jókòó, inú sì bí ìyàwó mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àwọn tó pọ̀ jù nínú oníbàárà mi ni àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní oko lápá Àkànràn. Bí wọ́n bá ti ṣe oko tán lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á so agolo mílíìkì mọ́ okùn níwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀ gíga kan, wọ́n á dúró ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, wọ́n á máa yìn ín níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá bá agolo ló máa ra mọ́ọ̀tì fún àwọn yòókù.

Ojú àgbà kò sì gbé irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá awò orí ìbọn, tí gbogbo wa ń pè ní sikópù: ọ̀pá kan tó ní awò níwájú àti lẹ́yìn, tó ń fa nǹkan súnmọ́ ojú, tí okùn tín-ín-rín méjì sì dábùú ara wọn nínú rẹ̀. Ibi tí okùn méjèèjì ti pàdé ni o máa gbé lé agolo kí o tó yìn ín.

Alákíà ni mo ti kọ́ṣẹ́ yìí, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi kan tó ń tún kámẹ́rà àti awò ṣe. Wọn kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, wọ́n á ṣí búrẹ́dì kí wọ́n tó jẹ ẹ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n fi ìwé sí i. Lójú tiwọn, ayédèrú ni gbogbo awò tó bá ti ọjà wá. Nítorí pé pápá ọkọ̀ òfuurufú kò jìnnà sí wa, wọ́n á gbé awò tí a bá fẹ́ yẹ̀ wò jáde síta, wọ́n á dúró de báálù tó ń bọ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá lè ka lẹ́tà ara rẹ̀, awò náà dára. Bí wọn kò bá lè kà á, ó di kí olówó máa gbé e lọ. Ẹni tó bá gbé awò wá lọ́jọ́ tí báálù kò wá, àfi kó padà wá lọ́la.

Nígbà tí mo wá dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, báálù kì í fò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ni mo bá fi òpó gíga àwọn onífóònù rọ́pò rẹ̀, èyí tó wà lókèèrè lẹ́yìn títì. Oníbàárà á dúró tì mí, èmi á gbé awò sójú, màá ní, "Ẹyẹ méjì ló bà sórí ẹ̀, ọ̀kan ń ṣu." Òun náà á wò ó, á rí ẹyẹ, ẹnu á yà á. Ẹ má bi mí iye ọdún tí mo ti ń fi eré yìí jẹun.

Bàbá Tíṣà wá bá mi tàwọn ti awò méjì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà kan nígboro Ìbàdàn, kí n bá wọn yan ọ̀kan, kí wọ́n dá èkejì padà. Ọ̀kan gùn, ó nípọn, ó dúdú dán bí ọkọ̀ gómìnà, owó rẹ̀ sì ga. Èkejì kúrú, kò wọ́n rárá, ó sì ní òrùka kan lẹ́nu tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì làwọn ń ná, wọn kò sì fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé èyí tó gùn sójú, mo rí òpó, mo rí ẹyẹ, mo rí àgógó ẹyẹ. Mo gbé èyí tó kúrú, ńṣe ni òpó rí bí èéfín. Mo sọ ọ́ tìgboyàtìgboyà pé kí wọ́n má fowó ṣòfò lórí ìdajì awò yẹn. Wọ́n mú èyí tó gùn, wọ́n fi èyí tó kúrú sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí ọlọ́jà á fi wá mú un. Wọ́n tún fi ìbọn wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí n bá wọn de awò mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì yẹn ni mo lọ kí àwọn olóòkú kan ní Lálúpọn, Ràfíù nìkan ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ràfíù ni gbẹ́nàgbẹ́nà tí a jọ pín ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa ń gbẹ́ ìdí ìbọn tó bá ti kán.

Bàbá Tíṣà gbé ìbọn dé oko, wọ́n gbé awò lé agolo, àfi kùrukùru. Bí wọ́n bá sì mi orí díẹ̀, okùn inú awò á sún kúrò lára agolo. Wọ́n wá rò ó bí olùkọ́: awò tó rí àgógó ẹyẹ lókèèrè, kò lè ṣàì rí agolo ní ogún ìṣísẹ̀, nítorí náà, kì í ṣe awò yẹn mọ́. Ọwọ́ ta ló sì wà fún ọjọ́ méjì? Ká ní èmi ni wọ́n, ohun tí n bá rò nìyẹn, n bá sì ti pe ọlọ́pàá.

Ohùn kejì tí wọ́n fi ránṣẹ́, èmi nìkan ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Kí n mú ojúlówó awò àwọn wá sí oko lọ́jọ́ Sátidé níwájú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa kó irinṣẹ́ mi kúrò ní Ẹgbẹ́dá. Wọn kò halẹ̀ lásán. Ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe bàtà. Bí orúkọ olè bá lẹ̀ mọ́ mi, kò sẹ́ni tó máa gbé ìbọn wá mọ́, iṣẹ́ mi sì ti tán nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ fura sí Bàbá Tíṣà pé wọ́n ti kábàámọ̀ owó ni wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà láti gbà á padà. Mo fura sí ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, mo gbójú sókè, mo rí Ràfíù tó ń fi sáńpépà ha igi, tó ń kọrin lábẹ́ ohùn, ọkàn mi sì bọ́ sára rẹ̀. Kí ló ń kọrin fún? Nígbà tó lọ kírun Alaásárì, mo tú báàgì rẹ̀ wò. Tẹ̀súbáà, ìdajì búrẹ́dì, gọ́ọ̀mù, sáńpépà mẹ́ta. Mo tò wọ́n padà bí mo ṣe bá wọn. Ó dé, ó wo báàgì, ó wò mí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò kọrin mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bẹ Bàbá Tíṣà pé kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ awò náà wò. Wọ́n ní kí n kọ ìwé pé mo gbà á, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tún ya èmi tó dì í mú. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo kọjú rẹ̀ sí òpó. Ẹyẹ wà níbẹ̀, àgógó rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Awò kankan kò sọnù. Mo gbé agolo lé orí ògiri, mo dúró ní ogún ìṣísẹ̀, kùrukùru. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀, kùrukùru náà fúyẹ́. Mo bá ń fẹ̀yìn rìn lọ lẹ́bàá títì, awò lójú mi. Mo fẹ̀yìn kọjá iwájú aránṣọ, mo fẹ̀yìn kọjá ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta káàdì, ìyẹn sì bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá ara mi yá. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ni agolo mọ́ kedere, tí mo lè ka orúkọ mílíìkì tó wà lára rẹ̀.

Mo sáré padà, mo gbé èyí tó kúrú tí mo ti bú. Ọwọ́ mi kan òrùka ẹnu rẹ̀, ó yí, mo bá yí i dé nọ́ńbà tó kéré jù. Mo rí agolo, mo rí ojú ibi tó ti dípẹtà, mo rí èèrà kan tó ń gùn ún. Òrùka yẹn ni wọ́n fi ń sọ fún awò bí nǹkan ṣe jìnnà sí. Nígbà tí mo gbé e wo òpó, nọ́ńbà kékeré ló wà, èmi ni n kò sì mọ̀ pé wọ́n ń yí i.

Ayọ̀ mi kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo rí i pé bí mo bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò jalè, àfi kí n sọ fún wọn pé n kò mọṣẹ́. Ẹ má bú mi, mo ronú bí mo ṣe máa dá a lé ọlọ́jà lórí.

Ràfíù ló fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí oko lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Tíṣà àti àgbà mẹ́rin ti jókòó sí abẹ́ igi kòkó, wọn kò fún wa ní àga. Mo de awò tó kúrú mọ́ ìbọn, mo yí òrùka rẹ̀, mo ní kí wọ́n yìn ín wò. Agolo fò. Wọ́n tún un yìn, agolo tún fò. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo wá gbé èyí tó gùn lé wọn lọ́wọ́, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fẹ̀yìn rìn. Wọ́n fẹ̀yìn wọ inú ẹ̀gẹ́, à ń gbọ́ ìró ewé, kò pẹ́ tí ohùn wọn fi tọ̀nà jíjìn wá pé ó ti mọ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ oko ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń wú ikọ́.

Bàbá Tíṣà padà dé, ewé ẹ̀gẹ́ lórí fìlà wọn.

"Lọ́jọ́ tí o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kí lo fi yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Òpó onífóònù ni, sà."

"Mo ha sọ fún ẹ pé mo fẹ́ yìnbọn lu òpó?"

"Rárá, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá mi ti kú, kò lè bá mi jiyàn. Ọlọ́jà kò sí níbẹ̀, òun náà kò lè bá mi jiyàn. Mo wo Ràfíù, ó ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni n kò mọ̀, sà," ni mo wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ni n kò ti mọ̀."

Wọ́n ní, "Ìbá sàn ká ní olè ni ẹ́. Olè á dá nǹkan padà." Wọ́n wá mú fóònù wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn: "Ẹ̀yin ará, ọkùnrin Ẹgbẹ́dá kì í ṣe olè. Kò mọ̀ ni." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ gbólóhùn kejì kúrò. Wọn kò yọ ọ́. Àwọn oníbàárà padà wá ṣá, wọ́n ń pè mí ní Kò-mọ̀-ni, mo sì ń dáhùn.

Nísinsìnyí, bí o bá gbé awò wá, ibi tí o fẹ́ dúró àti ibi tí agolo rẹ máa wà ni màá kọ́kọ́ bi ọ́. Ní ogún ìṣísẹ̀, awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po mẹ́rin péré ti tó àgbà, bí ó bá ti lè rí ìtòsí. Màá tún bi ọ́ bóyá wọ́n ṣe é fún ìbọn afẹ́fẹ́, nítorí sípíríìnì yẹn á ta sẹ́yìn, á tún ta síwájú, awò tí kò lágbára á sì tú nínú láàárín oṣù kan. Màá gbé agolo lé ògiri, ìwọ fúnra rẹ ni wàá wò ó.

Nígbà tí à ń bọ̀ láti oko lọ́jọ́ yẹn, Ràfíù dá ọ̀kadà dúró lẹ́bàá títì, ó pa á.

"Ọ̀gá, ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀. Èmi ńkọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí n tó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, kí n gùn ún ká máa lọ. Àwa méjèèjì ṣì jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, a ń jẹun pọ̀, ó sì ti padà sí orin rẹ̀. Àmọ́ lójoojúmọ́, bí ó bá fẹ́ máa lọ sílé, á gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì mi, á ṣí i gbayawu, á dúró. Mo ti sọ fún un pé kó jáwọ́. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ kàn wò ó, ọ̀gá." N kì í wò ó. Kì í sì í lọ títí màá fi wò ó.